Ilẹ̀ ọ̀fẹ́ wà nítòsí Denton, àwa ọmọ Yorùbá ni kò dé ibẹ̀

Ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kẹwàá, mo di àgọ́, kúlà omi àti ìkòkò ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù sẹ́yìn ọkọ̀. Èmi àti àwọn ọmọ mi méjì gbéra láti Denton, a kọrí sí ìhà ìwọ̀-oòrùn. A kò tíì jìnnà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Fort Worth fi pè mí lórí fóònù. Nígbà tó gbọ́ ibi tí à ń lọ, ó pariwo: "Ṣé kò sí nǹkan tó ń ṣe ọ́? O sá kúrò ní Nàìjíríà torí iná tí kì í dúró, o ń san owó ilé gọbọi níbí, o tún wá ń kó ọmọ lọ sùn nínú igbó?" Mo ní: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, ọ̀fẹ́ ni." Ó ní: "Ṣé ejò mọ̀ pé ọ̀fẹ́ ni?"

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi, nítorí mo mọ̀ pé ohun tí ẹ̀gbọ́n mi sọ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ní agbègbè Dallas yóò sọ. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ èyí. Ilẹ̀ kan wà nítòsí wa tó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, tí a sì lè sùn sí láìsan kọ́bọ̀. A kì í lọ síbẹ̀. Tí a kò bá lọ, lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ tà á, a kò ní mọ̀ pé ohun kan bọ́ lọ́wọ́ wa.

LBJ National Grassland ni orúkọ ilẹ̀ náà. Wọ́n fi orúkọ Lyndon B. Johnson, ààrẹ Amẹ́ríkà tó jẹ́ ọmọ Texas, sọ ọ́. Ó lé ní 20,000 éékà, ní agbègbè Decatur àti Alvord. Téèyàn bá gba òpópónà 380 láti Denton dé Decatur, tó wá yà sí 287 lọ sí apá Alvord, ìrìn náà kò tó wákàtí kan. Àjọ Forest Service ti ìjọba àpapọ̀ ló ń bójú tó o. Yàtọ̀ sí àwọn ojú kan tí wọ́n ti tún ṣe, irú bíi Black Creek Lake àti TADRA Point, tí wọ́n ti lè gba owó díẹ̀, ẹ lè pàgọ́ yín síbi tó bá wù yín nínú igbó àti pápá yìí. Kò sí géètì, kò sí tíkẹ́ẹ̀tì. Kò sí omi ẹ̀rọ, kò sí iná, kò sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ pẹ̀lú. Ọjọ́ 14 ni òpin iye ìgbà tí ènìyàn lè fi wà níbẹ̀.

Mo ti lọ síbẹ̀ nígbà mẹ́ta báyìí. Mo ti pàdé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, àwọn ọdẹ, àwọn tó ń gẹṣin àti tọkọtaya arúgbó kan tí wọ́n wá wo ìràwọ̀. N kò tíì pàdé ọmọ Yorùbá kan. Ó yà mí lẹ́nu, nítorí gbogbo wa la mọ bí ẹsẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó nílé àńjọ̀fẹ́. Bí wọ́n bá ní wọ́n ń pín kúlà lọ́fẹ̀ẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kan, aago márùn-ún ìdájí ni a ó ti tò síbẹ̀. Ilẹ̀ 20,000 éékà wà lọ́fẹ̀ẹ́, kò sí ẹni tó yọjú.

Mo mọ ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Níbi tí a ti wá, "igbó ìjọba" kì í ṣe igbó tèmi-tìrẹ. Igbó tí fọ́rẹ́sítà ń ṣọ́ ni, bí ó bá sì bá ọ níbẹ̀ pẹ̀lú àdá, o wọ gàù. Láti ìgbà tí òfin ilẹ̀ ọdún 1978 ti fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sábẹ́ gómìnà, ohun tí ọ̀pọ̀ wa gbọ́ bí wọ́n bá ti pe "ilẹ̀ ìjọba" ni katakata tó ń bọ̀ wá wó ilé ẹni. Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, àwọn ajínigbé ti wá sọ igbó di ibùba. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé àwọn gómìnà ìpínlẹ̀ Yorùbá dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 2020. Ẹni tó ń gbọ́ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ láti ilé lójoojúmọ́ kò ní fẹ́ sùn nínú igbó ní Texas. Ìbẹ̀rù ẹ̀gbọ́n mi ní ìdí.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká rántí pé bí a bá ka ẹ̀yìn wò díẹ̀, igbó kì í ṣe àjèjì sí wa. Bàbá bàbá mi ní ilé nígboro, ó sì ní ahéré lóko. Nígbà ìkórè, ó lè lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lóko kó tó padà wálé. Inú ahéré yẹn ni bàbá mi ti mọ orúkọ ewé àti ohùn ẹyẹ. Àwọn ọmọ tèmi tí a bí sí Denton kò mọ òkùnkùn rí. Iná títì máa ń tàn wọ inú yàrá wọn títí ilẹ̀ fi mọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ tí mò ń wí yìí, èyí àbúrò gbójú sókè, ó béèrè pé: "Dádì, ṣé àwọn ìràwọ̀ yìí wà lókè ilé tiwa náà?" Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì béèrè èyí tó le jù: "Ta ló ni ibí?" Mo sọ fún un pé gbogbo ènìyàn ló ni ín, àwa náà sì wà nínú rẹ̀. Kò gbà mí gbọ́.

N kò dá a lẹ́bi. Ní ìlú Denton gan-an, ìgbà kan wà tí ọ̀rọ̀ "gbogbo ènìyàn" kò kan aláwọ̀ dúdú. Àwọn adúláwọ̀ tó bọ́ lóko ẹrú àti àwọn ọmọ wọn dá àdúgbò kan sílẹ̀ níbẹ̀ tó ń jẹ́ Quakertown. Wọ́n ní ilé ìjọsìn, ṣọ́ọ̀bù àti ilé tiwọn. Ní ọdún 1921, àwọn olùdìbò ìlú fọwọ́ sí $75,000 láti fi ra àdúgbò náà, kí wọ́n sì sọ ọ́ di ọgbà ìgbafẹ́ ìlú, nítòsí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn obìnrin tó di Texas Woman's University lónìí. Wọ́n kó àwọn ará Quakertown kúrò, wọ́n sì tì wọ́n lọ sí apá gúúsù ìlà-oòrùn ìlú. Ọ̀kan nínú àwọn ilé wọn ṣì wà títí di òní gẹ́gẹ́ bí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn adúláwọ̀ ní Denton. Quakertown Park ni wọ́n ń pe ọgbà náà báyìí. Nígbàkígbà tí a bá kó ọmọ lọ ṣeré níbẹ̀, orí ilẹ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ adúláwọ̀ ní orúkọ gbogbo ènìyàn ni a dúró lé.

Nítorí náà, mi ò gbà pé lílọ pàgọ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ fàájì lásán, tàbí nǹkan àwọn òyìnbó. Ẹ̀tọ́ ni. Àwọn tó wà níbí ṣáájú wa jìyà kí àwa tó lè wọ ibikíbi tí wọ́n bá kọ "gbogbo ènìyàn" sí. Ẹ̀tọ́ tí a kò bá lò, ìwé lásán ló máa dà.

Ohun mìíràn tún wà tó yẹ ká mọ̀ nípa Texas. Ó ju 90 nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ ìpínlẹ̀ yìí lọ tó wà lọ́wọ́ àdáni. Nígbà tí Texas dara pọ̀ mọ́ Amẹ́ríkà ní ọdún 1845, kò fi ilẹ̀ rẹ̀ lé ìjọba àpapọ̀ lọ́wọ́. Ó dá a dúró, ó sì tà á díẹ̀díẹ̀. Ilé ìjọba tó wà ní Austin, tí wọ́n parí ní ọdún 1888, ilẹ̀ 3 mílíọ̀nù éékà ni wọ́n fi san owó iṣẹ́ rẹ̀. Ilẹ̀ LBJ yìí gan-an, àwọn àgbẹ̀ ni wọ́n lò ó títí tó fi ṣá. Ọ̀dá àti ìyàn ọdún 1930 sí 1939 lé ọ̀pọ̀ wọn kúrò, ìjọba àpapọ̀ sì rà á kí ilẹ̀ náà lè sinmi kó sì hu koríko padà. Ní ọdún 1960 ni wọ́n sọ irú àwọn ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ di National Grassland. Ilẹ̀ tó kù fún gbogbogbòò ní Texas kò pọ̀ rárá.

Èyí tó kù náà kò sì ní ìdánilójú. Fairfield Lake, ní gúúsù ìlà-oòrùn Dallas, jẹ́ ọgbà ìgbafẹ́ ìpínlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ilẹ̀ náà kì í ṣe ti ìpínlẹ̀, ńṣe ni wọ́n yá a lò. Ní ọdún 2023, ilé-iṣẹ́ tó ni ín tà á fún àwọn oníṣòwò ilé, ọgbà náà sì di títì. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, Mike Lee, aṣòfin àgbà láti Utah, gbé àbá kalẹ̀ pé kí ìjọba àpapọ̀ ta ilẹ̀ gbogbogbòò tó tó mílíọ̀nù éékà ní àwọn ìpínlẹ̀ ìwọ̀-oòrùn. Texas kò sí nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ wo bí ó ṣe parí. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà, ó fa àbá náà yọ. Ta ló mú un yọ ọ́? Àwọn ọdẹ, àwọn apẹja àti àwọn tó ń pàgọ́ ni. Wọ́n pe àwọn aṣòfin wọn, wọ́n pariwo, àwọn Republican àti Democrat pọ̀ lára wọn. Wọ́n jà fún ibi tí ẹsẹ̀ wọn ti tẹ̀. Àwọn tí kò débẹ̀ rí kò sọ nǹkan kan.

Ẹ̀gbọ́n mi yóò ní: "Mo ti gbọ́, ṣùgbọ́n ààbò ńkọ́?" Ìbéèrè gidi ni, ìdáhùn sì wà. Ẹ má dá lọ, ìdílé méjì tàbí mẹ́ta ni kó jọ lọ. Ẹ sọ ibi tí ẹ wà fún ẹnì kan nílé. Ẹ kọ́kọ́ pe ọ́fíìsì Forest Service tó wà ní Decatur, kí ẹ bèèrè ohun tí òfin gbà lásìkò yẹn àti bóyá wọ́n ti fòfin de iná dídá, nítorí ọ̀gbẹlẹ̀. Ẹ gba máàpù, nítorí ilẹ̀ náà kò so pọ̀ lójú kan. Ilẹ̀ àdáni wà láàárín rẹ̀. Bí ẹ bá rí igi tàbí òpó tí wọ́n fi ọ̀dà elésè àlùkò kùn, ẹ má kọjá, òfin Texas ni pé ilẹ̀ onílẹ̀ nìyẹn. Lásìkò ọdẹ, ẹ wọ aṣọ tó ní àwọ̀ ọsàn kí ẹ lè hàn dáadáa. Ejò wà lóòótọ́, eégbọn náà wà. Ẹ wọ bàtà tó bo kókósẹ̀, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo ilẹ̀, ẹ sì yẹ ara ọmọ wò kí wọ́n tó sùn. Oṣù Keje àti Kẹjọ kò dára, ooru rẹ̀ pọ̀ jù. Oṣù Kẹwàá sí ìkẹta ló tura jù, bí ẹ bá ti wo ojú ọjọ́.

Ẹ má sì rò pé ibi gbogbo ni ẹ lè pàgọ́ sí. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, òfin Texas ti sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti pàgọ́ sí ibi gbogbogbòò tí wọn kò ti gbà á láàyè. Owó ìtanràn rẹ̀ lè tó $500. Àwọn tí kò nílé ni òfin náà ń bá wí jù lọ. Àgọ́ kan náà tó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ afárá ni wọ́n fi ń gbafẹ́ ní Alvord. Ẹ rí i pé ààyè tí wọ́n fún wa kì í ṣe ohun kékeré.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn wà lórí ìwà wa. A mọ ohun tí àpèjẹ wa máa ń fi sílẹ̀: ike omi, abọ́ fọ́ọ̀mù, egungun adìyẹ. Kò sí ẹni tó ń gba ilẹ̀ níbẹ̀. Ohun tí ẹ bá gbé wá, ẹ gbọ́dọ̀ gbé e padà. Ẹ mú àpò ìdọ̀tí àti ṣọ́bìrì lọ, kí ẹ gbẹ́ ilẹ̀ fún ìgbọ̀nsẹ̀ jìnnà sí omi, kí ẹ sì bò ó dáadáa. Ẹ má gbé ẹ̀rọ agbóhùnjáde ńlá lọ. Àwọn ẹlòmíràn wá gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ ni. Bí a bá ba ibẹ̀ jẹ́, àwa gan-an ni a ó fún àwọn tó fẹ́ tì í pa ní àwíjàre.

Ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ẹ̀yin pásítọ̀ àti ẹ̀yin àlùfáà tó wà ní Denton, Lewisville àti Fort Worth, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bẹ̀. Ọdọọdún ni a ń dáwó gbọ̀ngán fún àríyá àwọn ọ̀dọ́. Lọ́dún yìí, ẹ kó wọn lọ sí Alvord fún alẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo. Ẹ jẹ́ kí àgbàlagbà kan pa àlọ́ fún wọn nínú òkùnkùn gidi, kí wọ́n mọ̀ pé ilẹ̀ kan wà ní Texas tí wọ́n lè pè ní tiwọn. Ẹ̀gbọ́n mi ti ṣèlérí pé òun yóò bá wa lọ ní oṣù Kẹta. Ó ní òun yóò sùn nínú ọkọ̀, pẹ̀lú ìlẹ̀kùn ní títì. Mo ti gbà bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ náà la ti ń bẹ̀rẹ̀.