Ihò Kékeré Sàn Ju Rọ́bà Lọ fún Ọmọ Manigri

Bí orí ọmọ ọwọ́ bá ń tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, ìyá rẹ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ fura. Fìlà tó wọ ọmọ náà níjọ́sí kò wọ̀ ọ́ mọ́. Àwùjẹ̀ rẹ̀ wú, ó le. Ẹyinjú ń sá lọ sísàlẹ̀, funfun ojú sì ń yọ lókè. Àwọn kan á ní ayé ló ń ṣe é. Omi ni. Inú ọpọlọ gbogbo èèyàn ló ti ń sun omi lójoojúmọ́, nǹkan bí ìdajì lítà lára àgbàlagbà, ara a sì máa fà á padà sínú ẹ̀jẹ̀. Tí ọ̀nà rẹ̀ bá dí, á kó jọ, á máa ti ọpọlọ mọ́ agbárí.

Rọ́bà ni wọ́n ti fi ń tọ́jú rẹ̀ tipẹ́. Dókítà á ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ inú ọpọlọ, á gbà á lábẹ́ awọ títí dé ikùn, kí omi lè máa ṣàn lọ síbẹ̀. Ó ti gba ọ̀pọ̀ ọmọ là, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tàbùkù rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó lè dí, ó lè kó àrùn, ìbáà jẹ́ lọ́dún kẹwàá. Lọ́jọ́ tó bá sì dí, kò sí àyè ìdúró. Ará Kútọnu lè sáré dé CNHU, ilé ìwòsàn ńlá ibẹ̀. Láti Bassila, ní apá òkè Benin, ó lé ní kìlómítà 300. Ta ni yóò gbé ọmọ tó ń bì, tó ń tòògbé, kúrò ní Manigri, lágbègbè Bassila, lóru, tí yóò bá a débẹ̀ láàyè?

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ Mbale, ní Ùgáńdà, fi kan àwọn ará Bassila àti Manigri gbọ̀ngbọ̀n. Ọdún 2000 ni Benjamin Warf, dókítà ọpọlọ ará Amẹ́ríkà, kó lọ síbẹ̀. Abúlé tó jìnnà ni púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tó ń tọ́jú ti ń wá. Ó wá ń ti ẹ̀rọ tẹ́ẹ́rẹ́ oní kámẹ́rà wọ inú orí, ó ń lu ihò kékeré sí ìsàlẹ̀ ọ̀kan nínú àwọn yàrá omi inú ọpọlọ kí omi lè rí ọ̀nà jáde, ó sì ń jó lára ẹran tó ń sun omi náà. Kò sí ohun kankan tó kù sílẹ̀ lára ọmọ. Ìwádìí Mbale tó jáde lọ́dún 2017 fi ọ̀nà méjèèjì wéra lára ọmọ 100 tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà. Lẹ́yìn ọdún kan, òye àwọn ọmọ náà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra.

Àwọn kan lè ní ẹ̀rọ kámẹ́rà ti wọ́n jù, pé kí ará oko fara mọ́ rọ́bà. Èrò yẹn dorí kodò. Bí ilé bá ṣe jìnnà sí dókítà tó ni ó ṣe yẹ kí a sá fún ohun tó lè bàjẹ́ sára ọmọ. Òótọ́ ni pé ihò náà lè padà dí, kí ọmọ sì wá nílò rọ́bà, àmọ́ láàárín oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ ló sábà máa ń ṣẹlẹ̀. Oṣù mẹ́fà ṣeé ṣọ́: nọ́ọ̀sì Bassila á máa fi tépù wọn orí ọmọ. Ta ló lè ṣọ́ rọ́bà ní gbogbo ọjọ́ ayé?

Parakou ló yẹ kí ìjọba fìdí iṣẹ́ yìí múlẹ̀ sí fún gbogbo apá òkè, pẹ̀lú ẹ̀rọ àti dókítà tó kọ́ ọ yanjú. Ní Bassila àti Manigri, kí tépù wà níbi abẹ́rẹ́ àjẹsára. Orí tó bá ti ń tóbi kọjá ìlà inú ìwé ọmọ, kí wọ́n gbé e lọ sí Parakou lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, kí ọpọlọ tó fẹ́lẹ́ mọ́ agbárí.