Kì í Ṣe Èrò Kan ni Gbogbo Wa Ń Rò: Ìwé-pẹlẹbẹ sí Àwọn Ará Bantè àti Savalou

Ẹ̀yin ará Bantè, ẹ̀yin ará Savalou, ọmọ oníṣu tí ebi kì í wọ̀ nílé, ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń gbọ́ ní àgbàlá ọba, ní ìdí ayò àti nínú ọkọ̀ tí ń lọ sí Djougou, tí a ti tún sọ títí ó fi dà bí òtítọ́: wọ́n ní àwa aláwọ̀ dúdú kì í dá rò, wọ́n ní èrò kan ṣoṣo ni àwọn baba ńlá wa ń rò láti ìran dé ìran, àti pé ẹni tí ó bá dìde láàárín ìpàdé tí ó ní òun kò gbà, ìwà Òyìnbó ni ó ń hù. Irọ́ ni, irọ́ náà kò sì ti ọ̀dọ̀ baba wa wá.

Placide Tempels, àlùfáà Kátólíìkì ará Bẹ́ljíọ̀mù tí ó ṣiṣẹ́ ní Kóńgò, ni ó kọ ọ́ sínú ìwé ní 1945 pé gbogbo àwọn Bantu ní ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ kan náà, tí wọn kò lè là yéni fúnra wọn, àfi kí Òyìnbó bá wọn là á. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé wa tẹ́wọ́ gbà á, nítorí ìyìn dùn ún gbọ́. Ẹni tí ó fi hàn pé májèlé wà nínú ìyìn náà ni Paulin Hountondji, ọmọ Bẹ̀nẹ̀ tí a bí ní Treichville ní 1942, tí ó kàwé ní Àjàṣẹ́ àti ní Paris, kí ó tó padà wálé ní 1972 láti máa kọ́ni ní yunifásítì. Nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1976, ó wí pé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ kì í ṣe ohun tí odidi ìran ń jogún bí ilẹ̀, bí kò ṣe ohun tí ẹnì kan tí ó ní orúkọ rò, tí ó kọ sílẹ̀, tí ó sì gbé síwájú àwọn ẹlòmíràn kí wọ́n lè bá a jiyàn.

Ẹ wo àsìkò tí ó ń sọ èyí. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá 1974, Mathieu Kérékou, olórí orílẹ̀-èdè wa nígbà náà, kéde ní Àgbómẹ̀ pé ẹ̀kọ́ Marx àti Lenin ni gbogbo Dàhòmì, Bẹ̀nẹ̀ òní, yóò máa tọ̀. Ní ọdún náà gan-an ni Robert Nozick, olùkọ́ ní Harvard, tẹ Anarchy, State, and Utopia jáde, tí ó ní ẹnì kọ̀ọ̀kan ni ó ni ara rẹ̀, àti pé iṣẹ́ ìjọba kò ju kí ó gbà wá lọ́wọ́ oníwà-ipá, olè àti oníjìbìtì, kí ó sì mú àdéhùn ṣẹ. Hountondji kò bá Nozick dé ibẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ṣe mínísítà lẹ́yìn Àpérò Orílẹ̀-èdè ti oṣù Kejì 1990. Síbẹ̀ àwọn méjèèjì kọ̀ kí a fi orúkọ àwùjọ gbé ẹnì kan mì. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní ẹ̀kọ́ Harvard ni èyí, kí ó bi ọmọ àwọn tí Faransé kó lọ ṣe iṣẹ́ túláàsì títí di 1946, bóyá ìwé ni ó kọ́ baba wọn pé òun ni ó ni ara òun.

Wọn yóò ní àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Mo gbà, ṣùgbọ́n àwọn àgbà tí ó pa òwe yẹn náà ni ó ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀, tí wọ́n sì ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. (Hountondji ì bá bá mi wí, nítorí kò ka òwe sí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀; níbẹ̀ ni èmi kò ti bá a lọ tán, nítorí òwe tí ó tako òwe jẹ́ ẹ̀rí pé ẹni méjì jiyàn rí.) Babaláwo tí ó ń dá Ifá fún ìbejì pàápàá kì í sọ pé orí kan ni wọ́n jọ kúnlẹ̀ yàn. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ, tí Savalou ń ṣe ọdún iṣu, ará Máhì kan ń fi iṣu titun bọ òrìṣà ìdílé rẹ̀, aládùúgbò rẹ̀ ń lọ gbọ́ máàsì ọdún Màríà, ẹnì kẹta tí ó ti Bantè wá ń wo àwọn méjèèjì bí ó ti ń lọ sí mọ́ṣáláṣí. Èrò ta ni ẹ fẹ́ pè ní èrò gbogbo wọn?

Hountondji kú ní oṣù Kejì 2024, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ̀ kù sí wa lọ́wọ́. Mo bẹ̀ yín: nígbà tí ìpàdé bá tún pé, tí ọmọdé tàbí obìnrin kan bá dìde tí ó ní òun kò gbà, ẹ béèrè ìdí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó béèrè ọmọ ẹni tí ó ń ṣe.