ẸNI TÍ Ó NI ẸRÙ NI KÍ Ó MÚ KỌ́KỌ́RỌ́ LỌ́WỌ́

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní ilẹ̀ Gánà pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò láàrin ọ̀sẹ̀ 2 péré. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Yorùbá tí wọ́n ti ń ṣòwò níbẹ̀ láti ìgbà pípẹ́ ni ó kó kúrò pẹ̀lú ìkánjú. Ẹrù ṣeé dì, ṣùgbọ́n gbèsè tí ó wà lọ́wọ́ oníbàárà kò ṣeé dì. Ìwé tí wọ́n kọ ọ́ sí nìkan ni ẹ̀rí rẹ̀. Ẹni tí ìwé rẹ̀ bá sọnù lọ́nà, owó rẹ̀ bá a lọ.

Ẹni tí ó bá rin Adjamé tàbí Treichville ní Abidjan lónìí yóò rí i pé nǹkan ti yí padà. Àwọn ọmọ Èjìgbò àti àwọn Yorùbá mìíràn tí wọ́n fi ìlú náà ṣe ibùgbé kò gbẹ́kẹ̀ lé àpótí onígi mọ́. Inú fóònù ni àwòrán ìwé ìrìnnà wà. Níbẹ̀ ni ìwé ilẹ̀ tí wọ́n rà sílé wà. Níbẹ̀ ni orúkọ àwọn tí ń dá èsúsú àti iye tí olúkúlùkù san wà. Láti inú fóònù ni gbogbo rẹ̀ sì ti ń lọ sí ibi ìpamọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí aráyé ń pè ní àwọsánmà. Ó dára bẹ́ẹ̀. Bí fóònù bá já bọ́ sínú ọ̀sà Ébrié, fáìlì kò ní bá a rì.

Ṣùgbọ́n àwọsánmà yìí kì í ṣe ti ojú ọ̀run. Kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn ni, nínú ilé ẹlòmíràn, ní ilẹ̀ òkèèrè nígbà púpọ̀. Kì í ṣe pé wọn kò ti ilẹ̀kùn o. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá bíi Google àti Dropbox ń ti fáìlì pa dáadáa. Ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ wà? Bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń lò wọ́n, ọwọ́ ilé-iṣẹ́ ni. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹfà ọdún 2011, àṣìṣe kan ṣẹlẹ̀ ní Dropbox tí ó fi jẹ́ pé, fún bíi wákàtí 4, ọ̀rọ̀ aṣínà èyíkéyìí lè ṣí àpò ẹnikẹ́ni. Bí ó bá jẹ́ pé ọwọ́ àwọn oníbàárà ni kọ́kọ́rọ́ wà ni, ẹni tí ó wọlé lọ́jọ́ náà kì bá tí rí ohun kan kà. Bẹ́ẹ̀ sì ni òfin kan tí Amẹ́ríkà ṣe ní 2018 fún ilé-ẹjọ́ wọn ní agbára láti gba fáìlì lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà, ì báà jẹ́ ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí.

Nítorí náà ni ó fi yẹ kí àwọn ọ̀dọ́ tí ń ṣe ètò ìpamọ́ fáìlì fún àwọn ará Abidjan fi títì fáìlì sínú ètò náà gan-an. Inú fóònù ni kí wọ́n ti sọ fáìlì di àdììtú kí ó tó kúrò níbẹ̀, bí àwọn baba ńlá ti ń di àrokò lé ìránṣẹ́ lọ́wọ́: ó gbé e dé ibi tí wọ́n rán an, síbẹ̀ ó lè má mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Kí fáìlì kọ̀ọ̀kan ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, kí kọ́kọ́rọ́ àgbà kan ti gbogbo kọ́kọ́rọ́ wọ̀nyí pa, kí ó sì jẹ́ láti inú ọ̀rọ̀ aṣínà ẹni tí ó ni ín ni kọ́kọ́rọ́ àgbà náà yóò ti jáde. Kí wọ́n má gbàgbé orúkọ fáìlì. Ẹni tí ó rí àkọlé "Ìwé ilẹ̀ Bàbá" ti mọ ohun tí yóò wá.

Kí ẹnikẹ́ni má sì jókòó sílé kí ó ro ìtìpa tirẹ̀. AES, tí àwọn ọmọ Belgium 2 ṣe, tí Amẹ́ríkà sì fi ṣe òṣùwọ̀n ní 2001, wà nílẹ̀ fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́. Pẹ̀lú èyí náà, ìṣọ́ra kò gbọdọ̀ dínkù. Ní 2024, àwọn olùwádìí Yunifásítì ETH ní Zurich yẹ ilé ìpamọ́ 5 wò, gbogbo wọn ń kéde pé oníbàárà nìkan ni ó lè ṣí fáìlì rẹ̀. Wọ́n rí àlébù ńlá nínú 4. Ìtìpa kọ́ ni ó bàjẹ́, bí wọ́n ti tò ó pọ̀ ni. Níbòmíràn, ilé ìpamọ́ lè fi ọgbọ́n fi kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ rọ́pò ti oníbàárà láìjẹ́ kí ó fura.

Àwọn kan yóò sọ pé ààbò fún àwọn gbájúẹ̀ íntánẹ́ẹ̀tì ni èyí, àwọn tí Abidjan ń pè ní brouteur. Ọ̀rọ̀ wọn kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, nítorí wọ́n ti ba orúkọ ìlú náà jẹ́ jìnnà. Ṣùgbọ́n irú ìtìpa yìí wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹni tí ó bá fẹ́, gbájúẹ̀ kò sì ní dúró de ẹnikẹ́ni kí ó tó lò ó. Ní oṣù kejì ọdún 2025, Apple yọ irú ààbò yìí kúrò fún àwọn oníbàárà rẹ̀ ní Bìrìtéènì, nígbà tí ìjọba ibẹ̀ fẹ́ kí ó ṣí ọ̀nà fún òun. Ìyá oníṣòwò ní Peckham pàdánù rẹ̀ bákan náà pẹ̀lú ọ̀daràn.

Òfin Côte d'Ivoire fúnra rẹ̀, nọ́ńbà 2013-450 ti ọdún 2013, pàṣẹ pé kí ẹni tí ó bá gba ọ̀rọ̀ nípa ẹlòmíràn tọ́jú rẹ̀ kí ó má bàa bọ́ sí ọwọ́ tí kò yẹ. ARTCI ni ó ń bójú tó o. Ó ṣòro kí ohun tí olùtọ́jú fúnra rẹ̀ kò lè kà tó ti ọwọ́ rẹ̀ jò.

Wàhálà tí ó le jù ni ti ìgbàgbé. Bí ọ̀rọ̀ aṣínà bá sọnù, fáìlì sọnù, kò sì sí ọ̀gá kankan tí wọ́n lè bẹ̀. Ètò tí kò bá pèsè fún èyí yóò pa àwọn ènìyàn lẹ́kún ju olè lọ. Kí ó fún olúkúlùkù ní kọ́kọ́rọ́ kejì tí yóò kọ sórí ìwé, tí yóò sì fi pamọ́ sí ọ̀dọ̀ ẹbí nílé. Tàbí kí ó lo ọgbọ́n tí Shamir kọ jáde ní 1979, èyí tí ń pín kọ́kọ́rọ́ fún ènìyàn 3, tí ẹnì kan ṣoṣo kò lè ṣí i, ṣùgbọ́n tí ẹni 2 bá pàdé yóò ṣí. Ẹgbẹ́ èsúsú tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní rí èyí bí ohun àjèjì.

Kí kọ́kọ́rọ́ náà sì máa gbé inú fóònù. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, wáyà íntánẹ́ẹ̀tì 4 já nísàlẹ̀ òkun nítòsí Abidjan, ìdààmú rẹ̀ sì dé Èkó. Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà ní òkèèrè lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀ kò ní lè ka ìwé tí ó wà nínú fóònù rẹ̀ pàápàá.

Ó ku ohun kékeré kan tí àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà máa ń fojú fò. Ìkìlọ̀ tí ó ń sọ pé ẹni tí ó bá gbàgbé ọ̀rọ̀ aṣínà kò ní rí ẹni bá a ṣí i, èdè Faransé nìkan kò tó fún un. Kí wọ́n kọ ọ́ ní Jùlá, kí wọ́n kọ ọ́ ní Yorùbá, kí ó hàn gàdàgbà lójú fóònù kí ìyá tí ń ta aṣọ ní Adjamé tó tẹ "Ó dára".