Ọ̀nà Tó Ń Dúró De Arúgbó

Ọdún 31 ni mo fi wa mọ́tò èrò láàárín Ìbàdàn àti Èkó kí n tó gbé kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Mo mọ títì, mo sì mọ ohun tí títì ń fi ojú èèyàn rí. Ìdí nìyẹn tí inú mi kò fi dùn sí ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ lẹ́nu àwọn kan tí a jọ lọ sí ìlú Fez ní ilẹ̀ Mòrókò. Wọ́n ní ìlú àtijọ́ náà le jù fún àlejò, pé ó yẹ kí ìjọba ibẹ̀ wó ilé díẹ̀ kí bọ́ọ̀sì lè gbé èrò dé ẹnu ọ̀nà ibi tí a ń lọ. Mo ní ó tì. Kí wọ́n fi ìlú náà sílẹ̀ bó ṣe wà. Àwa àlejò ni ká kọ́ bí wọ́n ṣe ń rìn níbẹ̀.

Ziyara, ìyẹn ìbẹ̀wò sí ibojì ẹni mímọ́, ló gbé wa débẹ̀. Ẹni tó bá mọ àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá yóò mọ bí ọ̀nà ẹ̀sìn Tijaniyya ṣe fẹsẹ̀ múlẹ̀ tó láàárín wa. Fez ni Sheikh Ahmad al-Tijani, tó dá ọ̀nà náà sílẹ̀, kó wá sí ní ọdún 1798, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì kú sí ní 1815. Ibojì wọn wà nínú zawiya, ilé ìjọsìn ọlọ́nà náà, tó ń jẹ́ orúkọ wọn, láàárín ìlú àtijọ́ gan-an. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Alhaja, ni mo sìn lọ. Wọ́n ti lé ní ẹni 70 ọdún, orúnkún ọ̀tún sì ń yọ wọ́n lẹ́nu.

Medina ni àwọn ará ibẹ̀ ń pe ìlú àtijọ́ wọn. Kì í ṣe Mẹ̀dínà Ànábì o. "Ìlú" ni ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí ní èdè Lárúbáwá. Ọba Idris Kìíní ló tẹ Fez dó ní 789. Ní 859 ni wọ́n dá mọ́ṣáláṣí Qarawiyyin sílẹ̀, èyí tí ìtàn sọ pé obìnrin kan, Fatima al-Fihri, ló fi owó ogún rẹ̀ kọ́, tó sì di ilé ẹ̀kọ́ tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri. Nígbà tí Faransé gba àkóso Mòrókò ní 1912, ọ̀gá wọn, Lyautey, ní kí wọ́n kọ́ ìlú tuntun sẹ́yìn odi dípò kí wọ́n la títì gba inú èyí tó wà nílẹ̀ kọjá. Ó fẹ́ kí òyìnbó máa gbé lọ́tọ̀, kí onílẹ̀ máa gbé lọ́tọ̀, n kò sì lè yìn ín fún ìyẹn. Síbẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé katakata kò wó ilé àwọn baba wọn. Ní 1981, UNESCO kọ orúkọ ìlú náà mọ́ àwọn ogún gbogbo ayé. Títí di òní, ọ̀nà wà níbẹ̀ tí mo na apá mi méjèèjì, tí ìka mi kan ògiri lọ́tùn-ún àti lósì.

Báwo wá ni àlejò ṣe ń rìn níbẹ̀? Ìlú tuntun ni ẹ ó ti bọ́ sílẹ̀ nínú rélùwéè. Takisí kékeré tó pupa ni kí ẹ wọ̀. Èrò mẹ́ta péré ló ń gbé, mítà ló sì ń ka owó. Bí dírẹ́bà kò bá tíì tan mítà, ẹ ní kó tàn án kí ó tó ṣí mọ́tò. Bí alẹ́ bá ti lẹ́, owó á fi ìdajì lé sí i. Òfin ni, kò rẹ́ yín jẹ. Ẹnu odi ni yóò já yín sí, bóyá ní Bab Boujloud, ẹnubodè tí wọ́n fi àwo aláwọ̀ aró ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ lóde, tí wọ́n fi aláwọ̀ ewé ṣe nínú, tàbí ní R'cif, nísàlẹ̀. Boujloud wà lókè, R'cif wà ní kòtò níbi tí odò gbà. Bí ojú ọ̀nà bá dàrú mọ́ yín lójú, ìdàgẹ̀rẹ̀ ló ń lọ sí àárín ìlú, òkè ló ń padà sí ẹnubodè.

Fóònù kò ràn wá lọ́wọ́ púpọ̀. Ògiri ga, ọ̀nà há, àmì ibi tí a wà sì ń fò láti ilé dé ilé lójú fóònù. Etí àti imú ló ṣiṣẹ́ fún wa. Níbi tí òórùn èròjà ọbẹ̀ bá ti gbalẹ̀, Attarine nìyẹn. Níbi tí igi tí wọ́n ń fá bá ti ń ta sánsán, ẹ ti dé Nejjarine, ọ̀dọ̀ àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà. Kàn-kàn-kàn òòlù lára bàbà ni Seffarine. Chouara ní tirẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń fi ìgbẹ́ ẹyẹlé rẹ awọ kó lè rọ̀, ẹ ó ti gbóòórùn rẹ̀ kí ẹ tó rí i. Ewé míǹtì ni wọ́n fún wa pé ká fi sí imú.

Ní ọjọ́ kejì, ọ̀dọ́mọkùnrin kan dá wa dúró. Ó ní wọ́n ti dí ọ̀nà níwájú, ká máa tẹ̀lé òun. Ó yí wa po títí a fi bá ara wa ní ṣọ́ọ̀bù oníbàtà aláwọ, Alhaja ń mí hẹlẹ, òun sì ń béèrè 200 dirham. Kò sí ọ̀nà kankan tí wọ́n dí. Owó náà dùn mí, ṣùgbọ́n ohun tó fi orúnkún ẹ̀gbọ́n mi ṣe dùn mí jù ú lọ.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ ẹni tó yẹ kí àlejò bi léèrè. Ẹni tó ń rìn kiri tó ń pe àlejò, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ máa lọ. Ẹni tó jókòó ti iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ bi, nítorí bí ẹ bá padà wá lọ́la, ẹ ó bá a níbẹ̀. Ní Seffarine, a kí alágbẹ̀dẹ bàbà kan, a dárúkọ Sheikh. Ó gbé òòlù sílẹ̀, ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu àpótí tó jókòó lé, ó sì gbé e fún Alhaja. Nígbà tí wọ́n sinmi tán, ó ní kí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ mú wa dé ẹnu ọ̀nà zawiya. Mo yọ dirham mẹ́wàá, ọmọ náà fi ọwọ́ lé àyà, kò gbà á.

Bí a ṣe ń bọ̀ ni mo gbọ́ "Balak! Balak!" lẹ́yìn wa. Bíi "Àgò o!" tiwa ni. Ìbaaka kan ló ń bọ̀, awọ tútù tó rù fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo ọ̀nà. Mo ti ń wá ibi tí màá fẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n mi tì. Ọkùnrin tó ń dà á rí ọ̀pá ọwọ́ wọn, ó gbé ọwọ́ lé ẹranko náà lọ́rùn, ó sì dúró. Alhaja gun àtẹ̀gùn mẹ́ta, wọ́n sinmi, wọ́n tún gun méjì. Gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn dúró, ẹnikẹ́ni kò pariwo. Alhaja bojú wẹ̀yìn, wọ́n ní, "Àbúrò mi, ìgbà wo ni mọ́tò dúró dè mí báyìí rí?" N kò rí èsì fún wọn. Iye arúgbó tí mo ti fọn fèrè mọ́ létí títì ni mò ń rò.

Mo gbà pé ìlú náà kò rọrùn fún ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn. Ṣùgbọ́n bí títì bá wọ ibẹ̀, mọ́tò ni yóò ni ín, arúgbó yóò sì di ẹni tó ń sáré kọjá. Àwọn ilé gíga tó kọjú síra tí wọ́n ń ṣíji bo ọ̀nà lọ́sàn-án, àwọn náà ni wọ́n máa wó. Ohun tí yóò ran àgbà lọ́wọ́ wà nílẹ̀ láìwó nǹkan kan. Kí wọ́n dé sí ilé tó sún mọ́ ẹnubodè. Kí wọ́n san owó fún ọlọ́mọlanke kó gbé ẹrù wọn, kí wọ́n sì ná an kó tó gbé e. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kí wọ́n gba afọ̀nàhàn tó ní ìwé àṣẹ ìjọba, kó mú wọn mọ ọ̀nà mélòó kan. Kí wọ́n má fi ọ̀sán Jímọ̀ rajà, nítorí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ló máa ń tì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kó èrò ziyara lọ, ẹ̀yin ni mò ń bẹ̀ jù. Ẹ má fún àwọn àgbà ní wákàtí kan péré láàárín bọ́ọ̀sì tó já wọn àti bọ́ọ̀sì tó ń dúró dè wọ́n. Ẹ fún wọn ní odindi ọjọ́ kan, kí wọ́n lè rìn, kí wọ́n jókòó, kí wọ́n tún rìn. Alhaja ní àwọn yóò padà lọ bí Ọlọ́run bá fẹ́. Bàtà tí kò ní máa yọ̀ lórí òkúta ni wọ́n ní kí n bá àwọn wá.