Oògùn nìkan kọ́ ni kòkó yín ń fẹ́, àdá ni kó ṣáájú!

Ọ̀rọ̀ tòní lè bí àwọn kan nínú, ṣùgbọ́n a ó sọ ọ́.

Lọ́dọọdún, bí òjò bá ti ń rọ̀ gan-an, igbe kan náà là ń gbọ́: "Kòkó ti ń dúdú lórí igi o! Oògùn wo la máa fín?" Bí a bá wá béèrè pé ìgbà wo lẹ rẹ́ ẹ̀ka igi yẹn kẹ́yìn, kẹ́kẹ́ á pa.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Inú òkùnkùn àti ọ̀rinrin ni àrùn yẹn ti ń gbilẹ̀. Oko tí ẹ̀ka ti wọnú ara wọn, tí atẹ́gùn kò ráyè kọjá, tí omi ṣì wà lára èso lọ́sàn-án gangan, ilé lẹ kọ́ fún àrùn. Èso tó bá mú lè dúdú tán láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Oògùn tí ẹ ń fín, ara èso ló ń dáàbò bò, kì í wo èyí tó ti ń jẹrà sàn. Bí ewé bá sì bo èso, ara ewé ni oògùn olówó gọbọi yẹn ń dúró sí. Òjò á wá fọ̀ ọ́ lọ. Owó lẹ dà sígbó o!

Ẹ bá wa ṣírò ẹ̀. Bí ẹ bá gbìn ín ní mítà 3 sí mítà 3, igi bí 1,100 ló wà lórí hẹ́kítà kan. Kí èso 5 péré bàjẹ́ lórí igi kọ̀ọ̀kan, èso 5,500 ti lọ nìyẹn. Bí èso 25 bá ń fún yín ní kílò kan kòkó gbígbẹ, kílò 220 lẹ pàdánù. Ó lé ní àpò mẹ́ta!

Àwọn kan á ní, "Ẹ̀ka tí a bá gé, owó la gé dànù." Irọ́ ni! Ara ìtì igi àti ẹ̀ka ńlá ni kòkó ti ń so, kì í ṣe ṣóńṣó ẹ̀ka wẹ́wẹ́. Èéhù tó ń yọ lára ìtì, tó ń lọ sókè ganran, oúnjẹ èso ló ń jẹ. Àfòmọ́ ńkọ́? Àgbà ní àfòmọ́ ò légbò, igi gbogbo ní í bá tan. Ṣé kòkó tiyín náà lẹ fi ṣe ẹbí ẹ̀ ni?

Bó ṣe yẹ nìyí:

1. Lẹ́yìn ìkórè ńlá, kí òjò tó dé, ẹ gé ẹ̀ka gbígbẹ, àfòmọ́, ẹ̀ka tó ń wọ́lẹ̀ àti èyí tó ń gun ara wọn. Ẹ já gbogbo èso dúdú tó gbẹ sórí igi.

2. Àdá tó mú ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ má ṣá ìtì igi lọ́gbẹ́, torí ojú tó so lónìí náà ló máa so lọ́dún tó ń bọ̀.

3. Ẹ máa fọwọ́ ya èéhù nígbà tó ṣì kéré, lóṣooṣù nígbà òjò. Bí igi bá ti darúgbó, ẹ dá ọ̀kan tó lágbára sí nítòsí ilẹ̀, kó lè rọ́pò rẹ̀.

4. Ẹ má fá igi lórí o! Bí ojú ọ̀run bá ṣí sílẹ̀ jù, koríko á dé, kòkòrò tó ń fa oje èso á dé. Ìtànṣán oòrùn díẹ̀díẹ̀ ló yẹ kó máa kan ilẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wá fín oògùn yín. Ìgbà yẹn ló máa ṣiṣẹ́.

Ẹ̀yin olóko tí ẹ fi oko fún ẹlòmíì ṣe kí ẹ lè jọ pín in, ẹ ní kó má fi àdá kan igi bàbá yín, ẹ kò sì fẹ́ sanwó alágbàṣe. Ìgbà ìkórè lẹ wá ń ka àpò. Ìyànjẹ nìyẹn!

Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ ń yá àgbẹ̀ lówó oògùn. Ẹ yá wọn lówó rírẹ́ ẹ̀ka pẹ̀lú. Òmíràn nínú kòkó tó bu, tí wọ́n ń dá padà fún yín, orí igi ló ti bàjẹ́ wá.

Kẹ́ ẹ tó ra ìgò oògùn míì, ẹ kọ́kọ́ pọ́n àdá. Oko á dára o!