Lọ́yà Kó Ìwé Sí Búùtù Mọ́tò, Ó Ń Kiri!

 

Lẹ́tà kan tẹ̀ mí lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá láti ọ̀dọ̀ ìyá kan tó ń ta aṣọ òfì níbí ní Ìsẹ́yìn. Ìyá ní ọmọ òun tó ń kọ́ ìmọ̀ òfin ní yunifásítì ṣàdédé wálé, ó ní òun ò ṣe lọ́yà mọ́, ìwé ìtàn olè àti apànìyàn lòun fẹ́ máa kọ. Ìyá wá béèrè pé, "Akọ̀ròyìn, ọmọ mi, ṣé kì í ṣe pé wọ́n ti ṣe ọmọ yìí? Ta ni yóò tilẹ̀ ra irú ìwé bẹ́ẹ̀?"

Ìyá mi, ẹ fọkàn balẹ̀, wọn ò ṣe é. Àwọn kan ti gba ọ̀nà yẹn kọjá, wọ́n sì bá owó pàdé níbẹ̀. Ṣùgbọ́n n ò ní purọ́ fún yín, ìbéèrè yín kejì yẹn ló le.

Lọ́yà kan wà ní Amẹ́ríkà, ní ìpínlẹ̀ Mississippi, John Grisham lorúkọ rẹ̀. Lọ́yà ìlú kékeré ni. Lọ́dún 1984 ó wà ní kọ́ọ̀tù, ó gbọ́ bí ọmọdébìnrin ọlọ́dún 12 ṣe ń jẹ́rìí nípa ìyà tí ẹni tó fipá bá a lò fi jẹ ẹ́. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Ó wá ń rò ó pé, ká ní bàbá ọmọ yìí ló fìbínú pa ẹni náà ńkọ́? Ibẹ̀ ni ìwé ti bẹ̀rẹ̀. Aago márùn-ún ìdájí ló ń jí kọ ọ́ kó tó lọ síbi iṣẹ́, ọdún mẹ́ta gbáko ló gbà á. Àwọn atẹ̀wé ń dá a padà, wọ́n tún ń dá a padà. Nígbà tí ẹnì kan jàjà gbà á ní 1989, ẹ̀dà 5,000 péré ni wọ́n tẹ̀. Kí ni lọ́yà ṣe? Ó fowó ara rẹ̀ ra 1,000 nínú rẹ̀, ó kó o sí búùtù mọ́tò, ó ń kiri láti ìlú dé ìlú. Lọ́yà o! Ẹ̀yin tí ẹ ń di ẹrù lọ Òkèhò àti Ṣakí, ẹ mọ bí ìyẹn ṣe ń rí lára. Ìwé kejì, The Firm, tó jáde ní 1991, ló wá sọ ọ́ di olówó. Kí ìyẹn tó tilẹ̀ jáde, àwọn onífíìmù ti san 600,000 dọ́là lé e lórí.

Kí ló dé tí irú ìtàn yìí fi rọ lọ́yà lọ́rùn? Iṣẹ́ yìí ti gbé mi jókòó sí kọ́ọ̀tù rí. Lọ́yà tó mọṣẹ́ kì í tú ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Yóò béèrè ìbéèrè kékeré kan lónìí tí gbogbo wa yóò máa wò ó pé kí lèyí ń wí, tó bá di ọjọ́ kejì, ìbéèrè yẹn náà ni yóò fún onírọ́ lọ́rùn. Ẹni tó ń hun òfì mọ bí aṣọ yóò ṣe rí kó tó ju ọ̀kọ̀ àkọ́kọ́. Bẹ́ẹ̀ ni òǹkọ̀wé ọ̀ràn gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó pààyàn kó tó bẹ̀rẹ̀, nígbà tí a bá sì kà á tán, ká lè padà sẹ́yìn ká rí i pé òwú náà wà níbẹ̀ látàárọ̀. Èyí tó bá lọ fa apànìyàn jáde láti ojú ọ̀run ní ojú ewé tó kẹ́yìn, ojúlówó gbájú-ẹ̀ ni. Ó dà bí ẹni tó fi àkísà sáàárín ìdì aṣọ tuntun.

Ó ku ìpolówó. Tí oníbàárà bá dé ọ̀dọ̀ yín, Ìyá, ẹ ó tú òfì fún un, yóò fọwọ́ pa á, yóò yẹ etí rẹ̀ wò. Ìwé ọ̀ràn kò ṣeé tú bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá ti sọ ẹni tó pààyàn, ọjà ti bàjẹ́ nìyẹn. Kọ́lá Akínlàdé mọ ọgbọ́n rẹ̀: ó sọ ìwé rẹ̀ kan ní Ta Ló Pa Ọmọ Ọba? Ẹni tó bá gbọ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀, tí kò bá rà á, kò ní í sùn.

Ọmọ Èkó kan, Oyinkan Braithwaite, tún wá gba ọ̀nà mìíràn yọ. Òun náà kọ́ ìmọ̀ òfin pọ̀ mọ́ ìkọ̀wé ní ìlú Ọba. Ìwé rẹ̀ jáde ní 2018, My Sister, the Serial Killer, ìyẹn ni pé àbúrò mi obìnrin ni apànìyàn. Họ́wù! Ó ti sọ apànìyàn sára èèpo ìwé! Síbẹ̀ ayé rọ́ lù ú, ó sì gba ẹ̀bùn ìwé ọ̀ràn tó dára jù nílùú Ọba ní 2020. Ohun tó fi pa mọ́ kì í ṣe ẹni tó pààyàn. Àbúrò ń pa àwọn ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀, ẹ̀gbọ́n tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ń bá a nu ẹ̀jẹ̀. Ṣé ẹ̀gbọ́n máa tú àṣírí ọmọ ìyá rẹ̀ àbí kò ní tú u?

Mo dán ìbéèrè yìí wò lọ́dọ̀ àwọn obìnrin mẹ́ta tó ń ta ìrẹsì lọ́jà. N ò dárúkọ ìwé o, ìbéèrè nìkan ni. Àkọ́kọ́ ní òun á pe ọlọ́pàá. Èkejì ní ẹ̀jẹ̀ ara òun kọ́, kí wọ́n kọ́kọ́ pa òun ná. Ẹ̀kẹta ò sọ nǹkan kan, ó ń wo ilẹ̀. Ariwo wọn pọ̀ débi pé oníbàárà dúró títí, kò rẹ́ni dá a lóhùn. Kí n tó lọ, wọ́n ní kí n sọ bó ṣe parí. Mo ní ó wà nínú ìwé. Wọ́n ní ìwé náà dà? Mo ní Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Ni ojú gbogbo wọn bá rẹ̀wẹ̀sì.

Ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Ọládẹ̀jọ Òkédìjí tí wọ́n bí ní Ọ̀yọ́ níbí, tíṣà ni, kì í ṣe lọ́yà, ó gbé Lápàdé jáde nínú Àjà Ló Lẹrù ní 1969 àti nínú Àgbàlagbà Akàn ní 1971, ọlọ́pàá tó ti fiṣẹ́ sílẹ̀ tí kò sì yéé tọpa ọ̀daràn. Ilé ìwé ni ọ̀pọ̀ wa ti mọ irú ìwé wọ̀nyẹn. Ìwé tó bá gbójú lé tíṣà nìkan, ọjọ́ tí tíṣà ò bá pè é mọ́, ó di ti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ta ló ń gbé e wá sọ́jà? Nígbà I.B. Thomas, ìwé ìròyìn Akéde Èkó ló fi ta ìtàn Sẹ̀gilọlá fáráyé, lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn, láti 1929 wọ 1930. Àwọn kan gbà pé òótọ́ ni, wọ́n ń kọ̀wé sí i. Ìgbà tí ayé ti ń retí rẹ̀ tán ló tó sọ ọ́ di ìwé.

Nítorí náà, Ìyá mi, ẹ sọ fún ọmọ yín kó jọ̀ọ́, kó parí ẹ̀kọ́ lọ́yà náà. Grisham ò fiṣẹ́ sílẹ̀ kó tó kọ ti àkọ́kọ́, ìdájí ló ń jí. Tó bá kọ ọ́ tán, tó bá jẹ́ Yorùbá ló fi kọ ọ́, ẹ fún un láàyè díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òfì yín. Kó máa ka ojú ewé kìíní fún àwọn oníbàárà, kó sì pa ìwé dé.

Ẹ̀bẹ̀ kan ló kù tí mo fẹ́ bẹ ẹ̀yin òǹkàwé. Mo ra Àgbàlagbà Akàn àlòkù kan lọ́jà wa yìí. Mo kà á títí di òru, àfi bí mo ṣe dé ẹ̀yìn tí mo rí i pé ẹnì kan ti ya ojú ewé bíi mẹ́rin lọ, bóyá ẹ̀pà ni wọ́n fi pọ́n. Ẹni tó bá ní èyí tó pé, kó jọ̀wọ́ yá mi. Kó má sọ bó ṣe parí fún mi o.