Eré Ìje Alápá Mẹ́ta àti Ilé Aboyún

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó bá lé eku méjì ni yóò pòfo. Òwe yìí ni ọ̀pọ̀ àgbàlagbà kọ́kọ́ máa ń rántí nígbà tí wọ́n bá gbọ́ pé ọkùnrin kan tí aya rẹ̀ lóyún ń jí ní ìdájí láti lọ lúwẹ̀ẹ́, láti gun kẹ̀kẹ́ àti láti sáré, nítorí ìdíje tí ó fẹ́ kópa nínú rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ a sì dáhùn pé ọmọ kò tí ì dé. Ìgbà yìí gan-an ni ó yẹ kí ọkọ lo àkókò rẹ̀ bí ó ti wù ú. Ọ̀rọ̀ méjèèjì ní òótọ́ díẹ̀ nínú, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó kan gbòǹgbò nínú wọn.

Eré ìje alápá mẹ́ta, tí àwọn Òyìnbó ń pè ní triathlon, kì í ṣe eré ọmọdé. Ẹni tí ń ṣe é yóò lúwẹ̀ẹ́, yóò gun kẹ̀kẹ́, lẹ́yìn náà ni yóò fi ẹsẹ̀ sáré, láìsí ìsinmi láàárín. Nínú Ìdíje Òlíńpíìkì, níbi tí eré náà ti bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Sydney ní ọdún 2000, ìlúwẹ̀ẹ́ jẹ́ kìlómítà 1.5, kẹ̀kẹ́ jẹ́ 40, eré ẹsẹ̀ sì jẹ́ 10. Èyí tí a mọ̀ sí Ironman, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Hawaii ní oṣù Kejì ọdún 1978, le ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì: kìlómítà 3.8 nínú omi, 180 lórí kẹ̀kẹ́, àti 42.2 lórí ẹsẹ̀. Ènìyàn 15 ni ó bẹ̀rẹ̀ ti ọdún náà, 12 ni ó parí rẹ̀, ẹni tí ó sì ṣe ipò kìn-ín-ní lò ju wákàtí 11 lọ.

Ìgbaradì fún irú ìdíje bẹ́ẹ̀ kì í ṣe kékeré. Bí ọkọ kan bá fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ fún kìlómítà 100 ní àárọ̀ Sátidé, tí ó sì ń rin 25 ní wákàtí kan, wákàtí 4 ni yóò lò lójú ọ̀nà. Bí ó bá dé, yóò fọ kẹ̀kẹ́, yóò wẹ̀, yóò jẹun, oorun àárẹ̀ yóò sì gbé e lọ. Sátidé ti lọ nìyẹn. Ẹni tí ó lóyún ni ó lọ sí ọjà, òun ni ó se oúnjẹ, òun náà ni ó fọ aṣọ tí òógùn eré ti rin gbingbin.

Láyé àtijọ́, ọkọ aboyún a máa lọ sí oko tí ó jìnnà, a sì máa lo ọjọ́ púpọ̀ níbẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni bá a wí. Kì í ṣe pé àwọn baba ńlá Yorùbá kò ka oyún sí. Agbo ilé ni ó gba ọkọ láyè. Ìyá ọkọ wà níbẹ̀ tí ń se àgbo, àwọn ìyàwó ilé wà níbẹ̀ tí ń bá aboyún pọn omi, àwọn àgbà obìnrin sì ń ṣọ́ ọ kí ó má baà jáde ní ọ̀sán gangan. Bí ó bá bímọ, ìyá ìyàwó yóò wá wẹ ọmọ. Orí ọ̀pọ̀ ènìyàn wọ̀nyí ni òmìnira ọkọ dúró lé.

Lónìí, agbo ilé náà ti di iyàrá méjì ní Surulere tàbí ní Peckham, tọkọtaya nìkan ni ó sì wà níbẹ̀. Ìyá ọkọ wà ní Ìjẹ̀bú, ìyá ìyàwó ń dúró de físà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì ni ìsinmi tí òfin yà sọ́tọ̀ fún bàbá ọmọ tuntun. Ọkọ tí ó bá di òmìnira ayé àtijọ́ mú nígbà tí kò sí agbo ilé mọ́, ìdajì àṣà ni ó dì mú. Ó ti ju ìdajì tí ń dáàbò bo aboyún nù.

Síbẹ̀, kò yẹ kí ọkọ tìtorí èyí pa eré tì pátápátá. Ara líle wúlò fún ẹni tí yóò tọ́ ọmọ, bí a bá sì ń sunkún, à máa ń ríran. Ṣùgbọ́n oyún ni ó yẹ kí ó máa pín àkókò. Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, nígbà tí èébì àti àárẹ̀ sábà máa ń yọ aboyún lẹ́nu, kí ọkọ sáré tirẹ̀ ní ìdájí, kí ó sì padà wá dáná. Bí oyún bá ti ń sún mọ́ ọ̀sẹ̀ 37, kí ó má ṣe forúkọ sílẹ̀ fún ìdíje ní ìlú òkèèrè, kí ó má sì jìnnà sí ilé láìsí fóònù lápò. Kẹ̀kẹ́ adúrólójúkan tí ènìyàn ń gùn nínú ilé yóò tó o lò nígbà náà. Iye wákàtí tí ó bá fi sí eré ní Sátidé, kí ó san án padà fún aya rẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú, láti fi sùn tàbí láti fi kí ọ̀rẹ́. Kí ó sì ti kọ́ bí a ti ń wẹ ọmọ kí ọmọ tó dé.

Ó lè jẹ́ aya gan-an ni eléré ìje. Nicola Spirig, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, gba wúrà Òlíńpíìkì nínú eré yìí ní ọdún 2012, ó bímọ ní 2013, ó sì gba fàdákà ní 2016. Sísinmi nítorí ọmọ kò ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Nínú ìlànà rẹ̀ ti ọdún 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé gba aboyún tí ara rẹ̀ dá níyànjú láti máa ṣe eré ìdárayá ìwọ̀nba fún ó kéré tán ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó yẹra fún ooru tí ó pọ̀ jù. Èèwọ̀ ọ̀sán gangan tí àwọn ìyá àgbà fi lélẹ̀ kò jìnnà sí èyí.

Ìdíje tí ọkọ kò lọ lọ́dún yìí yóò tún wáyé lẹ́ẹ̀mìíràn, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a ń bí ọmọ kan. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Nínú ilé tí ó jẹ́ pé ènìyàn méjì péré ni ó wà níbẹ̀, ọkọ ni àgbà ọjà náà. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí a gbóhùn ìyá, kí a sì gbóhùn ọmọ.